Ọjọ́ Tí Mi Ò Kí Ìyá Mi

Ọjọ́ tí mo bínú dé ọ̀dọ̀ ìyá mi, tí mi ò kí wọn, ni mo mọ̀ pé ojú wọn ti ń lọ. Ká ní mo kúnlẹ̀ bí ọmọ gidi lọ́jọ́ náà ni, bóyá ojú ọ̀tún wọn ì bá ti bá ti òsì lọ kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó fura.

Abúlé kan lẹ́yìn Akínyẹlé ni wọ́n ń gbé, wọ́n ń yan gààrí níbẹ̀ láti ìgbà tí mi ò tíì mọ ọ̀tún mi yàtọ̀ sí òsì. Èmi ń ṣe tíṣà ní Adégbayì. Àwọn ni obìnrin tó dàgbà jù nínú agbo ilé, nítorí náà kò sí ẹni tí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kí. Ìyàwó ilé á kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ọlọ́kadà tó ń kọjá á ké pé, "Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ o," wọ́n á dáhùn látorí àpótí wọn, wọ́n á pe oníkálukú ní oríkì rẹ̀, wọ́n á bèèrè ọmọ, wọ́n á bèèrè oko. Ẹni tó bá gbọ́ wọn á búra pé wọ́n rí òun kedere. Etí wọn ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ náà, àwa ò mọ̀.

Ọ̀rọ̀ àna ló dá ìjà sílẹ̀. Ìdílé ọkùnrin tí ọmọbìnrin mi fẹ́ fẹ́ wá mọ̀ wá lábúlé. Ìyá ọkọ kúnlẹ̀, ó kí ìyá mi dáadáa, wọ́n sì dá a lóhùn dáadáa. Nígbà tó ṣe, obìnrin náà gba apá òsì wọn yọ, ó fi ọwọ́ méjèèjì na ìborùn tuntun kan sí wọn, ó ń rẹ́rìn-ín, kò sọ̀rọ̀. Ìyá mi ò gbà á. Ẹlòmíì ni wọ́n kọjú sí, wọ́n ń bá ọ̀rọ̀ wọn lọ. Ọwọ́ àna mi wà lófuurufú títí ìtìjú fi mú mi, mo bá wọn gbà á.

Nígbà tí àlejò lọ tán, mo sọ fún wọn pé ìgbéraga wọn máa ba ìgbéyàwó ọmọ mi jẹ́. Wọ́n ní, "Ìgbà wo lẹnì kan na nǹkan sí mi?" Mo ní irọ́ ni. Bí mo ṣe pe ìyá tó bí mi ní òpùrọ́ nìyẹn.

Fún Jímọ̀ mẹ́ta mi ò dé abúlé. Ní ìkẹrin, mo gbé ẹ̀wà àti ọṣẹ tí mo máa ń rà fún wọn, torí bó ti wù kí inú bí mi tó, mi ò ní jẹ́ kí wọ́n wá ọṣẹ tì. Ṣùgbọ́n mo ti pinnu pé mi ò ní kúnlẹ̀, mi ò sì ní la ẹnu mi.

Abẹ́ igi máńgòrò ni mo bá wọn, wọ́n ń bẹ ẹ̀gẹ́. Mo dúró. Wọ́n gbójú sókè síhà ọ̀dọ̀ mi, wọ́n tún ń bẹ ẹ̀gẹ́ wọn lọ. Mo ní lọ́kàn mi pé, kò burú, ẹ̀yin náà ń bá mi yodì. Mo tiẹ̀ rò pé mo máa borí.

Ewúrẹ́ kan jáde láti ẹ̀yìn ilé, ó ti ẹnu bọ agbada tó wà lápá òsì wọn, ó ń jẹ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti bẹ. Ìyá mi, tí wọ́n máa ń sọ òkò lu ewúrẹ́ kó tó yọrí tán, ò mira. Ó jẹ ọ̀kan tán, ó mú òmíràn.

"Ìyá, ewúrẹ́ ń jẹ ẹ̀gẹ́ yín."

Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ wọn. "Ìgbà wo lo dé?"

Wọ́n ń fi ojú wá mi, ẹ̀gbẹ́ ibi tí mo dúró sí ni wọ́n sì ń wò. Mo kúnlẹ̀ sínú èèpo ẹ̀gẹ́ níbẹ̀.

Dókítà ojú nígboro ní omi tó pọ̀ jù nínú ẹyinjú wọn ló mú un le koko, ó sì ń tẹ iṣan tí a fi ń ríran pa. Kì í dun ni, ó ní, láti ẹ̀gbẹ́ ló ti ń jẹ ojú wọlé. Ti òsì ti lọ, èyí tó lọ ò sì ní padà. Ti ọ̀tún kù díẹ̀ láàárín. Tí wọ́n bá ń kán oògùn sí i lójoojúmọ́, tí wọn ò pa ọjọ́ kan jẹ, ó ṣeé ṣe kó dúró níbi tó dé.

Nínú ọkọ̀, wọ́n ní ó ti tó ààwẹ̀ méjì tí àwọn ti mọ̀. "Mo rò pé ọjọ́ orí ni. Tí mo bá sì sọ, o ó ní kí n wá jókòó sí yàrá kan ní Adégbayì."

Ohun tí mo fẹ́ ṣe gan-an nìyẹn. Mo bẹ̀ wọ́n nítorí ọ̀rọ̀ òpùrọ́ yẹn, wọ́n ní ó ti tán. Kò tán lọ́kàn mi.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ló ń kán oògùn fún wọn lẹ́yìn ìrun Mọgaríbì. Tí mo bá pè tí wọn ò tíì kán an, ẹnu mi kì í dáa. Bẹ́ẹ̀, dókítà yẹn sọ ohun kan fún èmi náà tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni: ó ní àìsàn yìí máa ń rìn nínú ìdílé, pé èmi tí mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, kí n wá yẹ ojú mi wò. Mo ní mà á wá. A wọlé ní táàmù kan, a ṣe ìdánwò, a gba ìsinmi, mi ò lọ. Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé ojú lọba ara.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin mi yà kí mi níbi tí mo ti ń máàkì ìwé. "Ẹ káàsán mà." Mo pe oríkì rẹ̀, mo bèèrè ọkọ rẹ̀, mo ní kó jókòó. Nígbà tí mo sọ gbogbo rẹ̀ tán ni mo rí i pé mi ò tíì gbójú kúrò lórí ìwé.

Mo wò ó. Aṣọ pupa ló wọ̀. Mo ní kó padà síta, kó bọ́ bàtà, kó gba apá òsì mi wọlé, kó má sì kí mi.

"Mọ́mì, kí n má kí yín kẹ̀?"

Mo ní kó ṣáà lọ. Mo tẹjú mọ́ kàlẹ́ńdà ara ògiri, mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú ọ̀tún, mo ń retí kí pupa aṣọ yẹn yọ ní ẹ̀gbẹ́. Kò yọ. Mo dúró títí ó fi sú mi, mo la ẹnu kí n bi í pé kí ló ń ṣe níta.

Ọwọ́ rẹ̀ ti wà léjìká mi.