Màmá Àsíátù Àti Ẹni Tó Wo Àga

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ọmọ Ìkàrẹ́ lòun, ẹ bi í nípa ọjọ́ tí Màmá Àsíátù lé Alájì Badmus jáde nítorí àga. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, irọ́ ló ń pa fún yín.

Símẹ́ńtì ni Alájì Badmus ń tà. Ó sanra, ó mọ aṣọ wọ̀, ó sì ti pinnu pé Hafsoh, ọmọ àbúrò Màmá Àsíátù, lòun máa fi ṣe ìyàwó kejì. Ó gbé àpò ìrẹsì kan àti páálí ọṣẹ kan wá sí ṣọ́ọ̀bù tí Màmá ti ń yá àwọn èèyàn ní fíìmù láti ayé kásẹ́ẹ̀tì títí dé ayé sídíì. Màmá ò tiẹ̀ wo ẹrù náà. Ó ní, "Ẹ jókòó, Alájì. Ẹ jẹ́ ká wo fíìmù díẹ̀."

Wọ́n wò ó títí, ó dé ibi tí ìyá àgbà kan ti gbọ́ pé ọmọ òun kan ṣoṣo ti kú. Ìyá náà figbe ta, ó dákú sórí àga. Hafsoh ń sunkún. Marwa, ọmọbìnrin tí Màmá ń tọ́, ń sunkún. Ọkùnrin kan tó kàn fẹ́ ra káàdì fóònù dúró sẹ́nu ọ̀nà, òun náà ń nu imú. Àfi bí Alájì ṣe na ìka sí tẹlifíṣọ̀n.

"Ẹ wo àga yẹn! Níbo ni wọ́n ti ń ta irú ẹ̀?"

Màmá Àsíátù mú rìmóòtù, ó dá fíìmù dúró. "Ẹ dìde, Alájì."

"Kí n kí ni?"

"Ẹ dìde. Ìyá oníyàá ń kú lọ lójú yín, àga lẹ̀ ń wò. Bí Hafsoh bá dákú lọ́la, ẹ ó bi í pé níbo ló ti ra ibùsùn."

Alájì dìde. Inú bí i débi pé ó gbé ìrẹsì ẹ̀, ó gbàgbé ọṣẹ. Oṣù mélòó kan ni wọ́n fi ọṣẹ náà fọṣọ, Màmá sì máa ń sọ pé ọṣẹ Alájì dáa ju Alájì lọ.

Bí Màmá ṣe rí nìyẹn. Ó gbà pé kò sí ẹ̀dá tí Ọlọ́run dá tí kò sí nínú fíìmù, pé olúwa ẹ̀ ni kò tíì rí ara ẹ̀ níbẹ̀. Nítorí náà òun kì í wo fíìmù. Ó gbé àga ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ó kẹ̀yìn sí i, àwọn tó ń wò ó ni òun ń wò. Ibi tí o bá ti rẹ́rìn-ín, ibi tí o bá ti dákẹ́, ẹni tí o bá ń bá kẹ́dùn, ibẹ̀ ló ti máa mú ọ. Ó sì ti fún oríṣi èèyàn kọ̀ọ̀kan lórúkọ. Abánisunkún wà, ẹni tó máa sunkún tì ọ́ títí oúnjẹ fi máa jinná. Adúró-lẹ́nu-ọ̀nà wà, ẹni tí kì í wọlé, kì í sì í lọ, etí nìkan ló gbé wá. Láti ọjọ́ Alájì, Awo-àga náà wọ ẹgbẹ́ wọn.

Hephzibah, tíṣà tó ń gbé òdìkejì títì, ba adùn fíìmù kan jẹ́ fún gbogbo ilé lọ́jọ́ kan. Ìyàwó ilé jáde, ó ní, "Mo mọ̀." Mọ́tò bàjẹ́, ó ní, "Ṣé mo sọ ọ́?" Màmá tẹjú mọ́ ọn títí fíìmù fi parí, ó wá ní, "Hephzibah, Mo-ti-sọ-ọ́-tẹ́lẹ̀ ni ọ́."

Hephzibah ní, "Mo mọ̀ pé ẹ máa sọ bẹ́ẹ̀."

Ti Alfa Kamaldeen ló tún le jù. Alfa wá bá Màmá wí pé fíìmù ń ba ọmọ Mùsùlùmí jẹ́. Màmá fún un ní àga, ó fún un lómi tútù, kò pa tẹlifíṣọ̀n. Alfa kẹ̀yìn sí i, ó ń wàásù. Díẹ̀díẹ̀, ọrùn ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Nígbà tí ìyàwó bàbá gbé ọbẹ̀ onímájèlé síwájú ọmọ ọkọ ẹ̀, Alfa fò sókè, fìlà já bọ́. "Má jẹ ẹ́ o! Ọmọ yìí, wàláì, má jẹ ẹ́!"

Ọmọ náà jẹ ẹ́.

"Alfa," ni Màmá wí, "Akìlọ̀ ni yín. Kò sí fíìmù tí ẹ ò sí. Wọn kì í sì í gbọ́ tiyín." Alfa rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn, ó yà sí ṣọ́ọ̀bù náà, ó rọra béèrè bóyá ọmọ yẹn yè é.

Ẹ̀rín nìyẹn fún gbogbo ìlú. Fún Marwa, ọ̀rọ̀ Màmá kì í ṣe ẹ̀rín rárá. Marwa kì í ṣe ọmọ ọmọ ẹ̀. Ìyá ẹ̀ kàn máa ń yá fíìmù lọ́wọ́ Màmá ni nígbà tó wà láyé. Nígbà tí ìyá yẹn kú, tí àwọn ẹbí bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọmọ náà láti Ìfira dé Epinmi, láti Epinmi padà sí Ìfira, òun fúnra ẹ̀ ló wọkọ̀ wá sí Ìkàrẹ́ nínú òjò ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, tó wá dúró sẹ́nu ọ̀nà Màmá. Màmá ní, "Wọlé, o ti tutù." Kò bi í ní ìbéèrè kankan títí ilẹ̀ fi mọ́. Ẹ wá sọ fún mi, ọ̀rọ̀ ta ni Marwa tún fẹ́ gbọ́ tí ọ̀rọ̀ ọkọ bá délẹ̀? Ó ti búra nínú ọkàn ẹ̀ pé ẹni tí Màmá bá ní kó dìde, òun ò ní bá a lọ.

Ó wá lọ fẹ́ràn káfíntà.

Ẹ̀bi Alájì Badmus ni. Àga inú fíìmù yẹn ò kúrò lọ́kàn ẹ̀, ojú sì ń tì í láti padà wá. Ló bá rán Ashraf, káfíntà kan ní Ọ̀kà, pé kó lọ yá fíìmù náà, kó wo àga ọ̀hún dáadáa, kó ṣe irú ẹ̀ fún òun. Ashraf yá a, ó dá a padà. Ó tún yá a, ó tún dá a padà. Marwa tó ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rò pé ọkùnrin yìí mà láàánú o, pé ẹkún ìyá àgbà yẹn ni kò jẹ́ kó sùn. Ìgbà tí ìfẹ́ ti wọ̀ ọ́ lára tán ló tó gbọ́ òótọ́.

"Àga ni mo kọ́kọ́ ń wò," ni Ashraf wí. "Nígbà tó yá, ìwọ ni mo ń wá wò."

"Mo gbé! Ashraf, Awo-àga ni ọ́!"

Láti ọjọ́ yẹn ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Marwa ní kó tẹjú mọ́ ojú ìyá yẹn nìkan. Ó ní kó mí kanlẹ̀. Ó ní bó bá ṣeé ṣe, kó sunkún díẹ̀. Ashraf gbìyànjú ẹkún náà, ó dà bí ẹni tí eyín ń ro. Marwa ní kó fi ẹkún sílẹ̀.

Ọjọ́ tí Ashraf máa wá tọrọ Marwa lọ́wọ́ Màmá pé. Ashraf dé láti Ọ̀kà, ó dọ̀bálẹ̀, Màmá ní kó jókòó. Fíìmù wo lẹ rò pé Màmá fi sí i? Òun náà ni. Ìyá àgbà gbọ́ ìròyìn, ó figbe ta, ó dákú. Ashraf tẹjú mọ́ ojú ẹ̀, òógùn bò ó. Ó mí kanlẹ̀. Ó kù díẹ̀ kó já ewu náà kọjá. Nínú fíìmù, àwọn aládùúgbò sáré gbé ìyá náà dìde, wọ́n fẹ́ gbé e padà sórí àga.

Ashraf pariwo, "Ẹ má gbé e síbẹ̀!"

Màmá dá fíìmù dúró. Marwa bojú.

"Kí lo wò?" ni Màmá bi í.

Ashraf wo Marwa, ó wo ilẹ̀. "Àga ni, Màmá. Mi ò lè purọ́ fún yín."

"Kí ló ṣe é?"

"Ẹsẹ̀ ẹ̀ ti tẹ́ẹ́rẹ́ jù. Mo ṣe irú ẹ̀ fún Alájì Badmus, ó kán mọ́ ọn nídìí, Alájì fẹ̀yìn lélẹ̀. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti rí àga, ẹni tó jókòó lé e ni mo ń rò. Ìyá yẹn ti pàdánù ọmọ ẹ̀, ṣé kó tún ṣubú ni?"

Màmá kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín Alájì. Ó rẹ́rìn-ín títí, àga tó jókòó lé bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ni Ashraf bá dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ dìde."

Kò sẹ́ni tó sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún Màmá Àsíátù rí. Òun ló máa ń sọ ọ́ fún aráyé. Màmá dìde. Ashraf yí àga náà dé, ó fa kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tí wọ́n fi ti ẹsẹ̀ ẹ̀ yọ, ó mú irinṣẹ́ jáde nínú báàgì, ó tún un ṣe. Nígbà tó parí, ó tún rí i pé ilẹ̀kùn ilé kò ní ìdè tí wọ́n lè fi tì í, ó ní kí òun fi ọ̀kan sí i.

"Àga nìkan," ni Màmá wí. "Má fọwọ́ kan ilẹ̀kùn mi." Ó wá jókòó, ó mi ara síhìn-ín, ó mi ara sọ́hùn-ún, àga ò mì. Ó kọjú sí Marwa. "Mo ti wo àwọn tó ń wo fíìmù títí irun mi fi funfun. Mi ò tíì rí irú eléyìí. Mú un kó tó bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì."

Màmá jẹ iyán ìgbéyàwó wọn ní Ọ̀kà, ó sì rojọ́ pé ó kéré. Lọ́dún tó kọjá, lẹ́yìn Ìtúnu Ààwẹ̀, ó sùn, kò jí mọ́. Kí Ọlọ́run bá wa tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere.

Níbi fídáù ẹ̀ ni àríyànjiyàn ti bẹ́ sílẹ̀: oríṣi èèyàn wo ni Màmá fúnra ẹ̀? Nígbà ayé ẹ̀, bí Marwa bá bi í, ohun tó máa ń sọ ni pé, "Èmi kẹ̀? Èmi ò sí níbẹ̀." Hephzibah ní ayaba ni. Alfa Kamaldeen ní adájọ́ ni. Alájì Badmus, tó gbé ìrẹsì wá, tí kò sì gbé e padà lọ́tẹ̀ yìí, ní, "Ọ̀dájú inú fíìmù ni," ó sì bú sẹ́kún.

Kò sí èyí tó tẹ́ Marwa lọ́rùn nínú wọn. Ó gbé àga Màmá lọ sí Ọ̀kà, ó gbé e sí pálọ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó lé e, òun náà ò sì jókòó lé e.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, òun àti Ashraf ń wo fíìmù lórí fóònù. Wọ́n lé ọmọbìnrin kan jáde nínú òjò. Ó rìn títí, ó kan ilẹ̀kùn ilé kan. Obìnrin kan yọjú, ó fà á wọlé, ó fún un láṣọ gbígbẹ. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fíìmù padà sọ́dọ̀ àwọn olówó tó ń jà, wọn ò fi obìnrin náà hàn mọ́, wọn ò tiẹ̀ dárúkọ ẹ̀.

Marwa fò dìde. "Òun nìyẹn! Ashraf, Màmá nìyẹn! Ṣé o rí i?"

Ashraf họ orí. "Ká sọ òótọ́, ilẹ̀kùn ni mo ń wò."

"Ilẹ̀kùn, Ashraf!"

"Kò ní ìdè. Bí ọmọ yẹn ṣe fọwọ́ kàn án ló ṣí. Obìnrin yẹn ò tì í látilẹ̀."

Marwa wò ó. Ẹ̀rín àti ẹkún dé sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ó rìn lọ síbi àga Màmá, ó rọra jókòó lé e, àga náà ò mì.

"Dá a padà sẹ́yìn," ló wí. "Jẹ́ ká tún wo ilẹ̀kùn yẹn."