Èbù Gògóńgò

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin gbé kúlà tó kún fún yìnyín wọ ilé ìwòsàn, ó ní òun wá gba gògóńgò òun tí wọ́n gé kúrò lọ́rùn òun ní oṣù márùn-ún sẹ́yìn. Èmi ni mo fà á.

Àgbẹ̀ oníṣu ni ẹ̀gbọ́n mi. Ìlá ló ń gbé, oko rẹ̀ wà lọ́nà Òkè-Ìlá. Ọdún tó kọjá ni jẹjẹrẹ mú un lọ́fun, àwọn dókítà sì gé gògóńgò rẹ̀ kó má baà kú. Ihò kékeré kan ní ọrùn ló fi ń mí báyìí, síléètì ló sì fi ń bá wa sọ̀rọ̀. Wọ́n fún un ní ẹ̀rọ kan tó dà bíi tọ́ọ̀ṣì: tó bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọrùn, tó sì ń gbé ẹnu, ọ̀rọ̀ á máa jáde. Wọ́n ní kó máa wá kọ́ ọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kò lọ rí.

Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń jábọ̀ ìròyìn lórí rédíò. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, mo kà á níbì kan pé àwọn onímọ̀ ń gbìyànjú bóyá àwọn lè fi ẹran ara bíńtín tọ́ gògóńgò tuntun dàgbà. Ìṣẹ́jú méjì péré ni wọ́n fún mi, ni mo bá gé "ń gbìyànjú" àti "bóyá" dànù. Mo wá àfiwé tí yóò yé àgbẹ̀. Mo ní: "Bí a ṣe ń gé èbù iṣu tó ń di odidi iṣu, bẹ́ẹ̀ ni dókítà yóò ṣe máa gbin gògóńgò." Gbólóhùn náà dùn mọ́ mi débi pé mo tún un sọ kí n tó kúrò lórí afẹ́fẹ́.

Ẹnì kan gbà á gbọ́ délẹ̀délẹ̀. Ìyá kan náà ló bí wa.

Nọ́ọ̀sì ló pè mí níbi iṣẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá wa mú bàbá yìí. Wọ́n ní a kó èbù àwọn pamọ́."

Nígbà tí mo débẹ̀, kúlà wà láàárín ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi, ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í.

"Ẹ káàbọ̀, Akọ̀wé," ni obìnrin náà wí. "Ẹ ṣàlàyé fún wọn o. Ohùn yín ni wọ́n gbọ́, kì í ṣe tèmi."

Mo bi í pé kí ló dé tí ẹ̀gbọ́n mi ò fi lo ẹ̀rọ tí wọ́n fún un.

"Wọ́n ní gògóńgò tuntun ń dàgbà lọ́wọ́, ta ló ń wú èbù yẹ̀ wò? Orí pẹpẹ ni ẹ̀rọ náà wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bíbélì. Ọmọ wa obìnrin ń lọ sílé ọkọ nígbà iṣu tuntun. Wọ́n ní ohùn tuntun làwọn máa fi súre fún un."

Ẹ̀gbọ́n mi yí síléètì sí mi: *Ṣé irọ́ lo pa ni?*

Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń bi àwọn olóṣèlú ní ìbéèrè yẹn.

"Ẹ̀gbọ́n, ohun tí mo ní lọ́kàn ni pé..."

"Bí àwọn olóṣèlú ṣe máa ń sọ ọ́ lórí rédíò náà nìyẹn," ni nọ́ọ̀sì wí.

Dókítà wọlé, ọ̀dọ́bìnrin tí mo lè bí lọ́mọ. Kò rẹ́rìn-ín. "Bàbá, iṣu tó ti jẹrà, ṣé ẹ máa ń gé e ní èbù?"

Ẹ̀gbọ́n mi mirí pé rárá.

"Jẹjẹrẹ wà nínú èyí tí a gé. Kò ṣeé gbìn."

Ẹ̀gbọ́n mi wo kúlà títí. Lẹ́yìn náà ó fọwọ́ lu itan rẹ̀, ó kọ ọ́ pé: *Itan mi ò jẹrà.*

Ìgbà yẹn ni dókítà rẹ́rìn-ín. "Ibẹ̀ gan-an ni ìwádìí wà, bàbá. Wọ́n ń mú ẹran ara tó dá ṣáṣá, wọ́n ń tọ́ ọ lórí nǹkan tó dà bí igi tí iṣu ń gùn. Àmọ́ kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa, n ò sì lè dá ọjọ́ fún yín."

"Bóyá" tí mo gé dànù ló dá padà sáyè rẹ̀ yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Bó ṣe ń rẹ́rìn-ín báyìí nìyẹn.

Dókítà ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni kí ó máa wá, bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Tó bá tẹra mọ́ ẹ̀rọ náà, ó ní ọmọ á gbọ́ ìwúre bàbá rẹ̀ nígbà iṣu tuntun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn ẹ̀rọ ni. Tí ìwádìí bá so èso, ilé ìwòsàn ni yóò sọ fún un, kì í ṣe rédíò. Ní tèmi, ó ní kí n máa tẹ̀ lé e wá, kí n jókòó kọjú sí i, kí n máa gbọ́, kí n má sì bá a parí gbólóhùn kankan.