Ìbọ̀sẹ̀ Pásítọ̀

Pẹ̀lú gbogbo ewú orí mi, mo hùwà òpè kan. Dókítà ní kí n wá ṣe iṣẹ́ abẹ ìpá ní Iléṣà. Dípò kí n wọkọ̀, ilé pásítọ̀ wa ní Òkè-Fìà ni mo gbé báàgì mi lọ, kó bá mi fi àdúrà lé ìpá náà wọlé.

Iṣẹ́ bọ́ọ̀lù ni pásítọ̀ yìí ń ṣe jẹun tẹ́lẹ̀. Títí dòní, ìbọ̀sẹ̀ bọ́ọ̀lù ló ń fà dé orúnkún lábẹ́ sòkòtò kóòtù. Bí a bá ń yọ́ aago wò nígbà ìwàásù, á ní, "Rẹfirí ò tíì fọn fèrè o!"

Ó gbọ́ tẹnu mi tán, kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n, àbí ẹ̀rù ń bà yín ni?"

"Ẹ̀rù kẹ̀? Onígbàgbọ́ ni mí!"

Ó fa ìbọ̀sẹ̀ ọ̀tún wálẹ̀. Ojúgun rẹ̀ wọ́ bí ọrun.

"Orí pápá ló ti dá. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń gbàdúrà sí i, nítorí mò ń sá fún dókítà. Nígbà tí mo fi máa débẹ̀, ó ti jinná ní wíwọ́, bọ́ọ̀lù sì ti parí. Ẹ gbé báàgì yín, Ẹ̀gbọ́n. Màá tẹ̀ lé yín dé Iléṣà, ẹnu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ la ó ti gbàdúrà."