Alágádágodo àti Fọ́ọ̀mù Ilé Ìtọ́jú Eyín

Alágádágodo ni gbogbo wa ń pe ọkùnrin tó ṣe fọ́ọ̀mù orí íńtánẹ́ẹ̀tì fún ilé ìtọ́jú eyín tí mo ti ń ṣe akọ̀wé. Òun ló fa orúkọ náà sára rẹ̀. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ dé orí tábìlì mi, ó ní kò sí ibi tí olè lè gbà wọ fọ́ọ̀mù òun, gbogbo ẹnu ọ̀nà lòun ti fi agádágodo sí. Bí ẹnikẹ́ni bá kọ àṣẹ kọ̀ǹpútà sínú àpótí tó yẹ kó kọ orúkọ sí, fọ́ọ̀mù náà á dà á nù. Bí ẹ̀rọ bá ń kún un ní àkúntúnkún, á tì í síta. Ó ń sọ̀rọ̀, ó ń gbọn ẹsẹ̀. Kí n má parọ́, mi ò fẹ́ràn rẹ̀.

Bí aláìsàn bá kún fọ́ọ̀mù tán, líǹkì kan ló máa ń rí gbà tó fi lè tẹ ìwé rẹ̀ jáde, nọ́ńbà sì ló máa ń wà ní ìparí líǹkì náà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo fẹ́ ṣí ti nọ́ńbà 41 lórí fóònù mi, mo ṣèèṣì tẹ 14. Ìwé bàbá arúgbó kan yọ sí mi: ilé rẹ̀, fóònù rẹ̀, àìsàn tó ń bá a fínra. Mo sáré pe Alágádágodo.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó o. Nọ́ńbà lásán ni mo yí padà, ìwé ẹlòmíì ló jáde. Kò tiẹ̀ bi mí ní ọ̀rọ̀ aṣínà."

Ó rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ta ló ráyè jókòó máa ka nọ́ńbà? Ẹ gbájú mọ́ iṣẹ́ yín, ẹ jọ̀ọ́."

Àwọn nọ́ọ̀sì bá a rẹ́rìn-ín. Inú bí mi. Ó yẹ kí n lọ bá dókítà tó ni ilé ìtọ́jú náà. Mi ò lọ. Mo ní kí àṣírí rẹ̀ tú, kí ojú tì í.

Lẹ́yìn oṣù méjì, àbúrò Alágádágodo obìnrin wá ṣe eyín. Ọkọ rẹ̀, tíṣà kan, ló fi ìkúùkù yọ eyín méjì níwájú ẹnu rẹ̀ kí obìnrin náà tó sá kúrò nílé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí nìkan ló mọ yàrá tó sá pamọ́ sí, lókè ilé ìtajà bàtà kan, òun ló sì mú un wá. Ó ń fi áńkáṣíìfù bo ẹnu sọ̀rọ̀. Nígbà tó dé ibi àdírẹ́sì ilé lórí fọ́ọ̀mù, ó fò ó, àpótí náà sì pọ́n wẹ̀ẹ̀.

"Bọ̀dá mi, ẹ jẹ́ kí n fo ibí yìí."

"Kò ṣeé fò. Kọ ọ́, jàre. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni, kò sẹ́ni tó lè rí i."

Obìnrin náà wojú mi. Mo yíjú sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Nọ́ńbà obìnrin náà ni 187.

Ní ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn náà, ọkùnrin kan kún fọ́ọ̀mù láti ilé rẹ̀, ó ní eyín ń dun òun. Nọ́ńbà 212. Kò wá rárá. Lọ́jọ́ kejì ni oníbàtà gbọ́ igbe lókè. Kí wọ́n tó já ilẹ̀kùn, tíṣà ti fọ́ àgbọ̀n aya rẹ̀, ó sì ti fọ́ ojú rẹ̀ kan.

Alágádágodo wá sí tábìlì mi láti wẹ ara rẹ̀ mọ́. Ó ní kò lè jẹ́ ọ̀dọ̀ wa ni àdírẹ́sì náà ti jáde. Ó ṣí àkọsílẹ̀ ohun tí ẹni nọ́ńbà 212 ṣí: 211, 210, 209. Ó ń lọ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí tíṣà ṣe máa ń ṣí ìwé àwọn ọmọ kíláàsì. 189. 188. 187.

Ó ń wá 186. Ó fa ojú ìwé náà sókè, ó tún fà á sílẹ̀. 186 ò sí níbẹ̀; orí ìwé àbúrò rẹ̀ ló ti parí.

Ó bú sẹ́kún. "Àǹtí, ẹ ti sọ fún mi."

"Ẹ̀yin ni mo sọ fún," mo ní. "Mi ò sọ fún àbúrò yín."