Ẹ̀yìn Ìwé Ìpàdé

Ìwé ìtàn ẹgbẹ́ wa dára púpọ̀ láti fi há fèrèsé. Ó nípọn, èèpo rẹ̀ le, ó sì ń dán. Nígbà tí atẹ́gùn bá gbéra láti odò Ọya, tó ń gbá fèrèsé yàrá mi l'Obosi gbàgà-gbàgà, ìwé yẹn ni mò ń kì bọ ibẹ̀. Mo ti kà á tán lẹ́ẹ̀mẹta, n ò tíì rí iṣẹ́ mìíràn tó lè ṣe.

Ẹgbẹ́ àwọn ẹnjinníà iná mànàmáná ti gbogbo Nàìjíríà, ẹ̀ka Onitsha, ni mò ń sọ. Ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí mò ń bá ṣiṣẹ́ ló gbé mi wá síbí láti Ìbàdàn lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn. Mo wọ ẹgbẹ́ nítorí wọ́n ní ẹnjinníà tí kò lẹ́gbẹ́ kò ní ga lẹ́nu iṣẹ́. Oṣooṣù là ń pàdé ní gbọ̀ngàn kan tí kò jìnnà sí Bridge Head, ọjà ẹ̀bá afárá odò Ọya. Kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, olúkúlùkù á dìde, á ka oyè rẹ̀ látòkè délẹ̀, á wá kí gbogbo àwọn tó jókòó níwájú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá lójú àánú díẹ̀ á ní òun dúró lórí ìkíni tó ti wà nílẹ̀, lẹ́yìn náà á tún kí wọn. Wákàtí kan á ti lọ, a ò ní tíì dárúkọ iná.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìkíni yẹn la wà lẹ́nu rẹ̀ tí iná fi lọ. Nǹkan bí ọgbọ̀n ẹnjinníà jókòó sínú ooru, wọ́n ń fi ìwé ètò fẹ́ ara wọn. Jẹnẹrétọ̀ wà lẹ́yìn ilé, kò sẹ́ni tó mira. Alága ní kí wọ́n lọ pe ọkùnrin tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe lódìkejì títì. Ìyẹn dé pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì, ó fa okùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, iná dé, àwọn ọ̀mọ̀wé pàtẹ́wọ́. Wọ́n wá padà sórí ohun tí wọ́n ń jíròrò, ìyẹn ni pé bí ìjọba bá fi ọ̀rọ̀ iná orílẹ̀-èdè yìí lé àwọn lọ́wọ́, kò ní í lọ mọ́. Ẹni tí ò lè gbé eèrà, ó ń kùsà sí erin. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìpàdé lọ ní ìrọwọ́rọsẹ̀, torí èmi ni akọ̀wé.

Bí mo ṣe di akọ̀wé náà kò ṣòro. Obìnrin méjì péré ló wà nínú ẹ̀ka. Wọ́n ní kí ọ̀kan máa pín ohun mímu, kí ìkejì máa kọ̀wé. Èkejì mi ló kọ́kọ́ sá sí ìdí kúlà.

Lọ́dún tó kọjá, àwọn àgbààgbà ẹgbẹ́ l'Ábùjá ránṣẹ́ pé kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan kọ ìtàn ara rẹ̀. Ìtàn ti àpapọ̀ ti wà lẹ́nu gbogbo wa, a máa ń kà á bí kéú: àwọn ẹnjinníà iná kan ló kóra jọ láyé ijọ́un, wọ́n ní àwọn ò lè máa bá àwọn tó ń ṣe afárá àti títì jókòó pọ̀ mọ́, wọ́n sì dá tiwọn sílẹ̀. Bí ẹgbẹ́ ńlá ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ìgbéraga ni. Ti ẹ̀ka wa ni ò sẹ́ni tó mọ̀. Alága, ọmọ Yorùbá bíi tèmi tí ilé iṣẹ́ ńlá kan gbé wá sí Onitsha, ní òun mọ̀ ọ́n. Ó ní àwọn èèyàn ńlá mẹ́rin ló pàdé nínú òtẹ́ẹ̀lì kan, tí ìran sì ṣí sí wọn. Mo bi í léèrè ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé ìgbà náà. Ó ní ikán ti jẹ ẹ́. Ó ní kí n ṣáà máa kọ ohun tóun ń sọ.

Ọkùnrin tó ń ta wáyà fún wa ní Bridge Head ló tú àṣírí. Mo ń ra kébù lọ́wọ́ rẹ̀, mo ń ṣàròyé ikán, ló bá rẹ́rìn-ín. "Na Nna anyị for Obosi get una book," ó ní. Bàbá wa tó wà l'Obosi ló ni ìwé yín. Nígbà tó júwe ilé bàbá náà fún mi, àdúgbò mi gan-an ni, lẹ́yìn ilé mẹ́ta.

Mo ti ń rí bàbá yìí ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ tó bá ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, mo rò pé oníṣòwò ni. Ará Ẹdẹ ni. Ọ̀dọ́ ló wà nígbà tí wọ́n gbé e wá fa wáyà ní Onitsha, kò padà mọ́. Ó ń sọ Igbo débi pé ọmọ onílẹ̀ ń bi í ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀. Ìgbà tí mo kúnlẹ̀ kí i, ó wò mí dáadáa.

"Ìwọ ni ẹnjinníà tó ń rìn bí ẹni tí ajá ń lé láràárọ̀."

Mo ní èmi ni, sà. Mo sọ ohun tó gbé mi wá. Ó wọlé, ó gbé ìwé mẹ́fà jáde tí ó fi ọ̀rá wé ní ìlọ́po méjì. Mo ṣí ti àkọ́kọ́. Ìpàdé àkọ́kọ́ ẹ̀ka Onitsha wà níbẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì tó yè kooro, lẹ́tà rẹ̀ tò gbọọrọ bí ebè tí wọ́n fi okùn wọ̀n. Ibi tí wọ́n ti ṣe é ni mo tún kà lẹ́ẹ̀mejì: ṣọ́ọ̀bù oníná, Bridge Head.

"Ṣọ́ọ̀bù mi ni," bàbá ní. "Àwọn mẹ́rin yẹn ò níbi tí wọ́n máa jókòó sí. Èmi ní bẹ́ǹṣì méjì."

"Ta ló wá kọ ọ́, Bàbá?"

"Ta ni ì bá tún kọ ọ́? Ẹnjinníà kì í kọ̀wé fún ẹnjinníà ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi kọ ọ́ fún wọn."

Mo wá ojú ibi tí ó fọwọ́ sí. Kò sí. Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó yí i lódì, ó dorí rẹ̀ kodò, ó ṣí i láti ẹ̀yìn. Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, ìpàdé lórí ìpàdé, lábẹ́ ìlà tí wọ́n fi rúlà fà. Mo mọ ìlà yẹn. Títí di òní olónìí, ẹnjinníà tó ní dìgírì ló ń fọwọ́ sí iwájú ìwé ìpàdé wa. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó bá wá, ẹ̀yìn ni tiwọn, kí orúkọ wọn má baà kan tiwa. Èmi tí mo jẹ́ akọ̀wé ni mò ń fi rúlà fa ìlà náà lóṣooṣù. Mo ti fà á fún ọdún mẹ́ta, kò dùn mí rí.

Bàbá ní òun ò fẹ́ kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ni àbígbẹ̀yìn rẹ̀, obìnrin, ẹnjinníà iná ní Port Harcourt. Ọmọ náà wọ ẹgbẹ́ níbẹ̀, ó fi ìdùnnú sọ nínú ìpàdé pé bàbá òun ni akọ̀wé àkọ́kọ́ ti Onitsha. Wọ́n fi rẹ́rìn-ín. Àgbà kan ní kò sí oníwáyà nínú ìtàn ẹgbẹ́ àwọn.

"Ó pè mí lórí fóònù," bàbá ní. "Ó ní, 'Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ìtàn yẹn fún ẹnikẹ́ni mọ́.' Ọmọ tí mo fi owó wáyà rán níléèwé. Ó rò pé irọ́ ni mo ń pa láti kékeré rẹ̀. Ó ń bọ̀ nílé fún Iléyá. Ìlà kan ṣoṣo ni mo fẹ́ nínú ìwé yín, kí n ṣí i fún un."

"Ó ti di ṣíṣe, Bàbá," ni mo wí. Mo tún fọwọ́ sọ àyà. Ó jẹ́ kí n mú ìwé àkọ́kọ́ lọ, kí n lè fi kọ ìtàn náà.

Ìlà kan náà ni mo kọ, pé ṣọ́ọ̀bù báyìí ni ẹ̀ka ti bẹ̀rẹ̀, pé ẹni báyìí ló kọ ìwé ìpàdé rẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá. Mo gbé e lọ bá Alága ní ọ́fíìsì rẹ̀, níbi tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń fẹ́ bí ẹni pé ẹja ni wọ́n ń tọ́jú síbẹ̀. Ó kà débẹ̀, ó mú báírò pupa.

"Akọ̀wé, ta lèyí?"

Mo sọ fún un.

"Iwájú ló fọwọ́ sí ni àbí ẹ̀yìn?"

"Ẹ̀yìn ni, sà."

"Ó tán nìyẹn. Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n gbọ́ l'Ábùjá pé orí bẹ́ǹṣì oníná la ti ṣẹ̀?"

"Ibẹ̀ la ti ṣẹ̀, sà."

Ó gbé báírò sílẹ̀. Ó fa dírọ́ọ̀ rẹ̀, ó yọ fọ́ọ̀mù kan. Fọ́ọ̀mù mi ni, èyí tí mo kọ láti di fẹ́lò, oyè tó ga jù nínú ẹgbẹ́. Ọdún méjì ni mo ti ń wá a. Ìbuwọ́lù rẹ̀ nìkan ló kù. "Ẹ jẹ́ ká parí ìwé ìtàn yìí, Madam," ó ní jẹ́jẹ́, "kí n lè ráyè ti èyí." Ó tì í padà, ó sì na báírò pupa sí mi.

Kò kígbe mọ́ mi, kò sì halẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo pa ìlà náà rẹ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń bú àwọn èèyàn yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà mí mọ́ wọn. Wọ́n kéré, èmi náà kéré, èmi ni mo tilẹ̀ burú jù nítorí mo mọ ohun tí mò ń pa rẹ́.

Ibi tí ìranù náà ti wá dójú ẹ̀ ni pé nígbà tí wọ́n fẹ́ tẹ ìwé, fọ́tò alága kọ̀ọ̀kan ti gba odindi ojú ewé, síbẹ̀ ó kù díẹ̀ káàtó. Atẹ̀wé ní ohun àtijọ́ kan á bu ẹwà kún un. Alága tó ní ikán ti jẹ gbogbo rẹ̀ ní kí n mú ojú ewé kan wá nínú ìwé bàbá yẹn. Wọ́n fẹ̀ ẹ́ gbàgàdà sórí ewé méjì. Wọ́n ní kí n kọ ọ̀rọ̀ sísàlẹ̀ rẹ̀. Mo kọ ọ́ pé: àkọsílẹ̀ ìpàdé àkọ́kọ́, a kò mọ ẹni tó kọ ọ́.

Ọjọ́ tí wọ́n kó ìwé náà jáde ni wọ́n fi ribọ́ọ̀nù fẹ́lò sí mi lọ́rùn. Mo rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò.

Nígbà tí Iléyá ku ọ̀la ni bàbá ránṣẹ́ pé òun gbọ́ pé ìwé ti jáde, kí n mú ẹyọ kan bọ̀. Àgbò ń ké lẹ́yìnkùlé nígbà tí mo dé. Ó ṣan ọwọ́, ó wọ jígí, ó bẹ̀rẹ̀ láti ewé àkọ́kọ́. Ó ń wo àwọn alága lọ́kọ̀ọ̀kan. "Eléyìí ò lè so fíúùsì," ó ní. "Eléyìí, iná gbé e rí lójú mi." Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò jáde. Ó wá kan ewé méjì yẹn. Ó fọwọ́ lé orí lẹ́tà ara rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, inú rẹ̀ dùn. Lẹ́yìn náà ló wá ka ti ìsàlẹ̀. Ó kà á pẹ́.

"Ta ló kọ ti ìsàlẹ̀ yìí?"

Mo lè purọ́ pé atẹ̀wé ni. "Èmi ni, Bàbá."

"Ìwọ tó jókòó síwájú mi yìí?"

Mo kúnlẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀, ti báírò pupa, ti fọ́ọ̀mù, ti oyè. Kò ní kí n dìde. Ó yí ìwé náà lódì, ó dorí rẹ̀ kodò, ó ṣí i láti ẹ̀yìn, níbi tí ewé òfìfo kan wà. Ó yọ báírò lápò, ó nà án sí mi.

"Kọ ìlà tó o pa rẹ́ síbẹ̀."

Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti kọ ọ́. Ó ní kí n fọwọ́ sí i. Mo fọwọ́ sí i. Ó gbà á, ó gbé e sún mọ́ jígí rẹ̀, ó tún dá a padà fún mi.

"O ò kọ oyè tuntun náà mọ́ ọn."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́."

"Kọ ọ́ mọ́ ọn. Ọmọ mi ò gba tèmi gbọ́. Á gba ti fẹ́lò gbọ́."

Mo kọ ọ́ mọ́ ọn.