Oríkì Tí Mo Ki Múfú Nínú Àtìmọ́lé

Nígbà Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé tó mú ìlú le lábẹ́ àwọn ológun, iléeṣẹ́ aláṣọ tí a ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà lé ọ̀pọ̀ nínú wa, a sì daṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ti gbọ́ ìyẹn lẹ́nu mi rí. Ẹ wá gbọ́ èyí tí n kì í sọ lórí pèpéle.

Ọlọ́pàá kó àwa aṣáájú sí àtìmọ́lé. Èmi ni alága ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Múfú, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń pa aṣọ láró, ni alágídí wa. Láràárọ̀, bí ọ̀gá ọlọ́pàá bá dé, a gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ kí i. Ìdọ̀bálẹ̀ ni ti ọkùnrin Yorùbá. Wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó ní ká kúnlẹ̀. Àwa ń kúnlẹ̀. Múfú nìkan ló ń dúró ṣánṣán. Wọ́n á lù ú, a ó fọ ojú egbò rẹ̀, inú wa á sì máa dùn. Ìgboyà rẹ̀ la fi ń bo ìtìjú wa.

Ìyá rẹ̀ tó ń gbé oúnjẹ wá ló sọ fún un pé ìyàwó rẹ̀ ti bímọ nílé wọn ní Oko Ọba. Nígbà tí ìsọmọlórúkọ ku ọ̀la, ọ̀gá náà dúró lẹ́nu ọ̀nà sẹ́ẹ̀lì.

“Múfú, ó yá, kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. O máa sùn sílé lónìí.”

Múfú wò mí. “Ẹ̀gbọ́n, àkọ́bí mi ni o. Mo fẹ́ gbé e.”

Ó ti ń tẹ orúnkún. Ẹ̀rù bà mí: bí Múfú bá kúnlẹ̀, kí ló kù fún wa? Èmi tí orúnkún mi wà nílẹ̀ ni mo ké pé, “Àjàní! Àjàní ọmọ Ajílété! Ogun kì í lé baba yín sẹ́yìn!” Àwọn yòókù gbè é.

Ẹ mọ ohun tí oríkì ń ṣe fún èèyàn. Orí rẹ̀ wú. Ó nàró, ó ní, “Ọ̀gá, n kò kúnlẹ̀.” Wọ́n wọ́ ọ jáde lójú wa, ó di ẹ̀wọ̀n.

Kò pẹ́ tí iléeṣẹ́ fi gba àwọn tí wọ́n lé padà, wọ́n sì tú àwa sílẹ̀. Owó iṣẹ́ yẹn ni mo fi tọ́ àwọn ọmọ mi. Àwọn àgbà ní ẹni tí a bá fi orí rẹ̀ fọ́ àgbọn kì í jẹ níbẹ̀. Nígbà tí Múfú máa fi dé, ọmọ ti ń rìn. Múfú nawọ́ sí i. Ọmọ ké, ó sá mọ́ ìyá rẹ̀ lẹ́sẹ̀.

Mo fẹ́ tù ú nínú. “Àjàní!”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, Múfú ni kí ẹ máa pè mí.”

Kò bú mi rí. Ì bá bú mi, ì bá sàn. Ẹ̀yin ń pè mí ní akọni nípàdé, ojú sì ń tì mí. Ìjọba jẹ wá ní gbèsè púpọ̀, mo ṣì ń béèrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi náà jẹ ọkùnrin kan ní gbèsè ọjọ́ ìsọmọlórúkọ kan, n kò sì mọ ibi tí wọ́n ti ń rí irú ẹ̀ san.