Apá Òsì Adúmáadán

Ojú ń tì mí láti sọ ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n mo ti darúgbó, n kò sì fẹ́ gbé e lọ sí sàréè.

Ọmọ Òkè-Baálẹ̀ ní Òṣogbo ni mí. Ní ọdún mélòó kan kí Nàìjíríà tó gba òmìnira, èmi ni mo ń tọ́jú ẹṣin baba oníkòkó kan tó joyè ní Iléṣà. Adúmáadán la sọ ẹṣin náà. Ó ga, ara rẹ̀ ń dán, ṣùgbọ́n ojú òsì rẹ̀ kò ríran mọ́. Ẹni tó bá bá a gbé pẹ́ nìkan ló lè mọ̀. Tí èèyàn bá gba apá òsì yọ sí i láìfọhùn, á ta gìrì, á sì tàpá. Ó ti tàpá mọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì.

Iṣẹ́ náà sú mi. Mo fẹ́ padà sọ́dọ̀ ìyàwó mi, ṣùgbọ́n baba ní àfi kí n kọ́kọ́ wá ẹni tí yóò rọ́pò mi. Ni mo bá lọ mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Lásùn wá láti Ẹdẹ.

Àwa tí ń tọ́jú ẹṣin ní àṣà kan. Kí ẹni tuntun tó dúnàá-dúrà, yóò gbé ọwọ́ lé ẹṣin lẹ́yìn, yóò rìn yí i ká, kí ó lè mọ irú ẹran tí òun fẹ́ máa dì ní gàárì. Bí Lásùn ṣe bẹ̀rẹ̀ láti apá ọ̀tún, èmi ti sáré dúró sí apá òsì, mo di ìjánu mú, mo ń bá ẹṣin sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Lásùn dé ìdí ìrù, ó rí i pé mo dínà, ó padà.

"Ẹ̀gbọ́n, ìwà rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó tutù bí omi àmù."

Ohun méjì péré ló béèrè: yàrá tí kì í ṣe inú ilé ẹṣin, àti àyè láti máa lọ kí Jímọ̀. Ẹ ò ní gbàgbọ́ pé mo tún ń ná an! Mo ní yàrá á ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n kò sí ti Jímọ̀, nítorí ọjọ́ náà là ń wẹ ẹṣin. Irọ́ gbuu. Èmi fúnra mi kì í pa Jímọ̀ jẹ. Mo kàn fẹ́ kí baba yìn mí ni. Oyún ìyàwó Lásùn ti wọ oṣù rẹ̀, ó nílò owó, ó gbà bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, kí n tó padà sílé, bí Lásùn ṣe ń gbé koríko bọ̀ láti apá òsì, Adúmáadán tàpá mọ́ ọn lórúnkún. Baba bínú, ó ní ta ló jẹ̀bi. Lásùn ní òun ni, pé òun kò rìn yí ẹṣin ká tán. Mo dúró níbẹ̀, n kò fọhùn. Bí iṣẹ́ ṣe bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn, ẹsẹ̀ náà kò sì ká mọ́.

Mo lọ kí i nílé ẹni tó ń to eegun rẹ̀. Wọ́n ti fi igi di ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Ṣé ó ti tàpá mọ́ èèyàn rí?"

"Rárá," ni mo wí.

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní òun ti ń ro ibi sí mi láti ọjọ́ yìí wá, kí n jọ̀wọ́ dárí ji òun.

Mo ní mo ti dárí jì í.